Ojú Ìwé Kejì Lẹ́tà Rẹ

                                        Ilé Kẹtàdínlógún, Àjà Kejì,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Iṣẹ́ Àpò.
                                        Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi, ọ̀rẹ́ àtọmọdé mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara? Báwo ni ẹsẹ̀? Ṣé o ti ń fi í tẹlẹ̀, àbí igi ni o ṣì fi ń rìn? Ẹ̀gbọ́n rẹ tí o sá tọ̀ lọ ńkọ́, ìyàwó rẹ̀ ńkọ́, àwọn ọmọ iléèwé mọ́kànlá tí òbí wọn kò tíì wá mú ńkọ́? Ṣé wọ́n ń jẹun? Ṣé wọ́n ń sùn, àbí ariwo ṣì máa ń jí wọn? Mo kí ọ kú ewu. Mo kí ọ kú ìrọ́jú. Mo kí ọ kú ará fẹ́ra kù Bàbá Aago, tí mi ò fojú rí rí, àmọ́ tí mo mọ ikọ́ rẹ̀ àti ìbínú rẹ̀ àti bó ṣe máa ń lu aago oúnjẹ ṣáájú àkókò nígbà tí ebi bá ń pa òun fúnra rẹ̀. Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Tiwa níbí, a wà láàyè, a ò sì ṣàìsàn. Bàbá ọmọ mi ní kí n kí ọ. Orúnkún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, síbẹ̀ kò gbà pé òun ń dàgbà. Èmi náà wà, bí ẹni tí oúnjẹ ń korò lẹ́nu rẹ̀ bá ṣeé pè ní ẹni tó wà. Ní ti ọmọ mi ọkùnrin, jẹ́ kí n kan tábìlì níbẹ̀ ná. O ò mọ ohun tí kíkan tábìlì jẹ́. Màá ṣàlàyé, torí òun gan-an ló mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù, kódà ká ní fóònù ń wọlé lọ́dọ̀ yín. Ẹnu mi á kọ̀.

Ó di ọjọ́ mọ́kànlélógún lónìí tí ìwé kékeré tí o kọ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ìlà méje péré. Ìwọ tó jẹ́ pé o ti kọ ojú ìwé mẹ́rin rí nípa ewúrẹ́ tó jẹ ìwé orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì kejì! Mo mọ̀ pé ọ̀ràn ti dé kí n tó kà á. O ní àwọn sójà tiwa láti orílẹ̀-èdè tí mo wà yìí, tó ń la àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì tó ń jagun lọ́dọ̀ yín, fi afárá sílẹ̀, kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ, àwọn ẹgbẹ́ náà pàdé lórí rẹ̀. O ní o kó àwọn ọmọ gba ọ̀nà oko jáde. O ní iléèwé jóná. O ní Bàbá Aago padà lọ lu aago kí àwọn tó wà lódìkejì odò lè gbọ́ kí wọ́n sì sá, àti pé ẹ gbọ́ aago náà títí ẹ ò fi gbọ́ ọ mọ́. Lẹ́yìn náà o kọ ọ̀rọ̀ nípa ẹsẹ̀ rẹ. Ìlà keje, o béèrè ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ mi: ǹjẹ́ àwọn èèyàn ibi tí mo wà mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀?

Ọ̀rẹ́ mi, wọ́n mọ̀. Èmi ni mo sọ fún wọn. Àmọ́ ìdajì ni mo sọ.

O mọ iṣẹ́ mi. Àpò ẹrù àwọn sójà ni à ń rán, obìnrin mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ẹ̀rọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ ga jù fún ẹnikẹ́ni láti wo ìta. Okùn èjìká ni tèmi. Mo ti rán an fún ọdún mọ́kànlá, mo lè dijú rán an. Mo ti sọ fún ọ nípa olórí wa, tí a ń pè ní Ọ̀gá Dígí nítorí dígí ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò, bẹ́ẹ̀ kò sí ojú abẹ́rẹ́ tó yẹ̀ tí kò ní rí. Ohun tí mi ò tíì ṣàlàyé fún ọ tán ni àṣà ọjọ́ Ẹtì wa. Bí aago mẹ́ta bá ti lù lọ́jọ́ Ẹtì, a máa ń pa gbogbo ẹ̀rọ, a ó nù wọ́n, a ó ta epo sí wọn. Ọwọ́ á dí, etí kò ní rí nǹkan ṣe. Ìdí nìyí tó fi di pé ẹni tó bá rí lẹ́tà gbà lọ́sẹ̀ náà á bọ́ síwájú, á kà á sókè fún gbogbo wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ọmọ tàbí ọkọ lọ́nà jíjìn. Lẹ́tà ẹnì kan á di ti gbogbo èèyàn.

Òfin kan ló wà níbẹ̀. Bí o bá dé ibi tó jẹ́ àṣírí, o lè fò ó, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ ní ìdí. Àmọ́ kí o tó fò ó, o gbọ́dọ̀ kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, kò-kò, kí àwọn tó ń gbọ́ ọ lè mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀ tí o kò kà. Ọ̀gá Dígí ló fi òfin yìí lélẹ̀ kí n tó débẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó ní kéèyàn má fo nǹkan, àmọ́ ẹni tó bá fò ó láì kan tábìlì, irọ́ ló pa. Obìnrin kan wà láàárín wa tí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi. Tó bá ti ka "Olólùfẹ́ mi" tán, kò-kò ló kù, kò-kò, kò-kò, títí á fi dé "Èmi ni ọkọ rẹ." Ẹyẹ Àkókó la sọ ọ́ dà. A máa ń rẹ́rìn-ín títí epo á fi dà sí wa láṣọ.

Lẹ́tà tìrẹ ni wọ́n fẹ́ràn jù. Mo ti ń kà á fún wọn láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Wọ́n mọ ewúrẹ́ yẹn. Wọ́n mọ Bàbá Aago bí ẹni mọ bàbá ọkọ. Ìwọ náà, láti ìgbà tí mo ti sọ fún ọ pé mò ń kà á fún wọn, o kì í parí lẹ́tà láì kí "àwọn ìyá alápò." Rántí gbólóhùn yẹn. Màá padà sí i.

Lẹ́tà tí o kọ ní ìgbà òjò tó kọjá, ojú ìwé méjì ni. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló dé. Mo ti há a sórí báyìí, tìbú tòró. Lójú ìwé kìíní, o ń bínú. O ní ọkọ̀ ńlá àwọn sójà tiwa ti fọ́ ògiri kíláàsì kẹta, kò sì sí ẹni tó yà wá wò ó. O ní wọ́n ń ti afárá pa lọ́sàn-án, àwọn obìnrin tó ń ti oko bọ̀ sì ń rìn yíká fún wákàtí méjì pẹ̀lú ẹrù lórí. O ní ọ̀kan nínú wọn, ọmọ tí Bàbá Aago lè bí lẹ́ẹ̀mẹta, pàṣẹ fún bàbá náà kó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀, nítorí ó na ọwọ́ láti kí i, sójà náà sì rò pé ohun ìjà ni aago iléèwé tó mú dání. O kọ ọ́ pé, "Ẹni tó ń ṣọ́ni tí kò sì mọ bí a ṣe ń kíni, ta ló ń ṣọ́?" Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn ojú ìwé náà ni pé, nígbà mìíràn, o máa ń rò ó pé kí wọ́n kúkú máa lọ sílé wọn.

Ojú ìwé kejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Àmọ́." Àmọ́ láti ọdún márùn-ún tí wọ́n ti dúró lórí afárá, o kò tíì sin ọmọ iléèwé kankan. Àmọ́ bí wọ́n bá máa lọ, kí wọ́n sọ fún yín ṣáájú. Ẹnu afárá gan-an ni iléèwé wà. Bí wọ́n bá fún yín ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan péré, ẹ ó kó o lọ sẹ́yìn òkè, ẹ ti rí ilẹ̀, àwọn òbí ti ṣèlérí igi àti páànù. "Kí wọ́n má ṣáà lọ bí ẹni tó gbé ìkòkò kaná, tó ti ilẹ̀kùn, tó sì bá tirẹ̀ lọ." Ohun tí o kọ nìyẹn. Lẹ́yìn náà o kí mi, o kí bàbá ọmọ mi, o sì kí àwọn ìyá alápò.

Lọ́jọ́ kejì tí lẹ́tà yìí dé, ọmọ mi wá sílé láti bárékè pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Wọ́n ti yan ikọ̀ tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí i, wọ́n ń bọ̀ wá gba ipò lórí afárá yín. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́ fún mi, ó ní, "Mọ́mì, ẹ rò ó wò, iléèwé ọ̀rẹ́ yín!" Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo wo ọrùn rẹ̀, níbi tí àpá kékeré wà láti ìgbà tó ti ń rá, mo sì rò ó pé níbẹ̀ ni ìbọn máa bà á. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, o mọ̀. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni mo wí fún ara mi, òwe náà sì tù mí lára lọ́jọ́ yẹn. Òwe a máa ran ọ̀dájú lọ́wọ́.

Ọjọ́bọ̀, aṣòfin àdúgbò wa pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-iṣẹ́ wa. Ó fẹ́ gbọ́ èrò wa kó tó lọ dìbò: ṣé kí sójà wa dúró sí àárín àwọn tó ń bára wọn jà lọ́nà jíjìn, àbí kí wọ́n máa bọ̀ wálé? Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ sójà dìde, ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, pé orílẹ̀-èdè tó bá lágbára tó sì káwọ́ lẹ́yìn, agbára náà kò wúlò. Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì ládùúgbò wa dá a lóhùn pé ọ̀làjà ní í fara gbọgbẹ́, pé ta ló ránṣẹ́ pè wá, pé bí a bá dúró síbẹ̀ fún ogún ọdún, ogún ọdún ni àwọn yẹn kò fi ní kọ́ bí wọ́n ṣe lè yanjú ọ̀rọ̀ ara wọn. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì wọ̀ mí létí. Ǹ bá jókòó jẹ́ẹ́ bí kò bá ṣe ti Ẹyẹ Àkókó, tó pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Alábẹ́rẹ́ ní ọ̀rẹ́ níbẹ̀! Tíṣà ni! Ó ń kọ lẹ́tà sí wa!"

Gbogbo ojú yí sí mi. Lẹ́tà rẹ wà nínú báàgì mi, torí ọjọ́ kejì ni ọjọ́ Ẹtì. Mo lọ síwájú. Mo ka ojú ìwé kìíní, mo sì kà á dáadáa. O mọ̀ mí, mo lè kàwé. Mo ka ibi tí Bàbá Aago jókòó sínú ẹrẹ̀. Mo dé "kí wọ́n kúkú máa lọ sílé wọn." Mo ṣí ìwé náà. Mo rí "Àmọ́." Tábìlì aṣòfin wà níwájú mi, ọwọ́ òsì mi wà lórí rẹ̀, kò sí ohun tó rọrùn ju kí n gbé ìka sókè lọ. Ọ̀rẹ́ mi, mi ò kan tábìlì. Mo pa ìwé náà dé, mo ní, "Ibi tó kọ ọ́ dé nìyẹn."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Aṣòfin tọrọ ìwé náà, mo yọ ojú ìwé kìíní fún un, mo sì ti ìkejì bọ inú báàgì. Ó kà á nílé ìgbìmọ̀. Ìwé ìròyìn tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n pè é ní "Lẹ́tà Olùkọ́ Etí Odò." Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn ará ibi iṣẹ́ ní kí n kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, mo ní wọ́n ti gbọ́ ọ tán ní gbọ̀ngàn. Ọ̀gá Dígí wò mí lókè dígí rẹ̀, ó ní, "Ṣé ibẹ̀ náà ló parí sí?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n dìbò. Láàárín ọjọ́ mọ́kàndínlógún, àwọn sójà ti kúrò lórí afárá. Ọmọ mi tú àpò rẹ̀, mo sì jó nínú pálọ̀ wa, èmi àti bàbá rẹ̀, pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ń dún. Mi ò fẹ́ fi èyí pamọ́ fún ọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé lọ́jọ́ tí mò ń jó ni ẹ̀ ń gbọ́ aago yẹn.

Nígbà tí ìlà méje rẹ dé, mo tọ́jú u sínú àpótí aṣọ. Ọjọ́ Ẹtì kìíní, mo ní mi ò rí lẹ́tà gbà. Ọjọ́ Ẹtì kejì, mo ní mi ò rí lẹ́tà gbà. Láàárín ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin kan wá sílé-iṣẹ́ wa, òun ló ń bá aṣòfin gbé ìwé kiri. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó kúnlẹ̀ kí wa. Ó ní ìròyìn ìjà yín ti kún ìta, ojú ń ti àwọn aṣòfin, ọ̀gá òun sì fẹ́ kí àwọn sójà padà síbẹ̀ báyìí. Ó ní wọ́n ti ní kí ikọ̀ ọmọ mi múra sílẹ̀. Ó wá béèrè bóyá tíṣà yẹn ti kọ lẹ́tà mìíràn. "Kò ní láti gùn, mà," ló wí. "Ibi tó bá ti bá ọ̀rọ̀ wa mu nìkan ti tó."

Ibi tó bá ti bá ọ̀rọ̀ wa mu! Inú bí mi sí i, lẹ́yìn náà ni ojú tì mí, torí pé ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ ọ. Mi ò tún ní purọ́ fún ọ: ọwọ́ mi ti ń lọ sí báàgì. Mo fẹ́ fún un ní ìlà Bàbá Aago àti ìbéèrè rẹ, kí wọ́n lè sunkún, kí wọ́n sì dìbò, kí ara sì lè fúyẹ́ fún mi. Nígbà yẹn ni mo rí i pé nǹkan kan náà ni mo tún fẹ́ ṣe. Mo ti fi ìbínú rẹ kó sójà kúrò láì bi ọ́, mo tún fẹ́ fi òkú Bàbá Aago kó wọn padà láì bi ọ́. Mo sọ fún ọmọbìnrin náà kó lọ, kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ìyẹn ijẹta, mo bọ́ síwájú. Inú ìwé ìròyìn ni mo ti ka ojú ìwé kìíní, torí aṣòfin kò dá tèmi padà. Mo ka ojú ìwé kejì láti inú ìwé rẹ gan-an. Mo wá ka ìlà méje. Mi ò fo nǹkan kan. Nígbà tí mo dé ibi aago, Ẹyẹ Àkókó fi aṣọ ìnuwọ́ tó kún fún epo bojú, nígbà tó mú un kúrò, ojú rẹ̀ dúdú bíi ti ẹni tó ń tún mọ́tò ṣe, kò sì sí ẹni tó lè rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi gbé àga rẹ̀ sún kúrò lọ́dọ̀ mi. Ó ṣì wà níbẹ̀. Mi ò bá a wí.

Ọ̀gá Dígí yọ dígí rẹ̀. Mi ò rí ojú rẹ̀ láìsí dígí rí, ó kéré, ó sì pupa. Ó ní, "Mo mọ̀ pé ojú ìwé kejì wà."

Mo ní, "Báwo lẹ ṣe mọ̀, mà?"

Ó ní, "Ọ̀rẹ́ rẹ kì í parí lẹ́tà láì kí wa. Lọ́jọ́ yẹn, kò kí wa." Ó nu dígí náà títí. "Ọmọ àbúrò mi wà nínú ikọ̀ kan náà pẹ̀lú ọmọ rẹ. Mo bi ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó yẹ kí n bi ọ́ lẹ́ẹ̀kejì."

Ó tún sọ fún mi pé kí n má gbé gbogbo ayé lérí, pé aṣòfin tó dìbò ju igba lọ, wọ́n sì ní ìdí tiwọn kí lẹ́tà rẹ tó dé. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àwọn alágbára kì í dúró de aránṣọ kí wọ́n tó ṣe ohun tó wù wọ́n. Àmọ́ ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, ìka tèmi sì mọ ara rẹ̀. Òun ni kò kan tábìlì.

Ó ku ọmọ mi, tí mo kan tábìlì sí lókè. Àná ni mo sọ fún un. Ó jókòó sílẹ̀ nínú kíṣìnì, ó ń kun bàtà rẹ̀, àpò rẹ̀ tó ti tún dì wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé á bínú, tàbí kó ní kí n fi sílẹ̀, pé ìyá ni mí. Kò ṣe èyíkéyìí. Ó ń kun bàtà kan náà lọ. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ ò bi mí, Mọ́mì."

Mo ní, "Ká ní mo bi ọ́ nígbà yẹn, kí lò bá sọ?"

Ó ní, "Nígbà yẹn, mo ti sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé mo mọ bàbá tó ń lu aago níbẹ̀, láti kékeré mi lẹ ti ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi. Mo ti ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa kí i. Àwọn mẹ́rin ti mọ 'Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá' dáadáa. Mo fẹ́ kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún un lọ́jọ́ kìíní, kó lè rẹ́rìn-ín."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, o ní wọn kò mọ bí a ṣe ń kíni. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti ń bọ̀. Èmi ni mo dá wọn dúró.

Mi ò tún mọ ohun tí ó tọ́ nípa ọ̀rọ̀ sójà yìí mọ́. Mo máa ń gbé e lọ, mo máa ń gbé e bọ̀ lórí ẹ̀rọ mi. Bí alágbára bá dúró, á máa tẹ ilé onílé mọ́lẹ̀, á máa mú àgbàlagbà jókòó sínú ẹrẹ̀. Bó bá lọ, ìkòkò á jó. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó bá ti gbé ìkòkò kaná kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé kíṣìnì náà kì í ṣe tòun mọ́. Ó sì lè jẹ́ pé kò yẹ kó ti wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nínú gbogbo àwa tó sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ yẹn, kò sí ẹnì kan tí ilé rẹ̀ wà lẹ́nu afárá. Ìwọ nìkan ni tìrẹ wà níbẹ̀, èmi sì ni mo gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ.

Mi ò bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí lónìí. Ẹsẹ̀ rẹ kò tíì san, àwọn ọmọ mọ́kànlá wà lọ́rùn rẹ, n kò fẹ́ fi ara mi ṣe ìkejìlá. Ohun tí mò ń béèrè kò tó bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń bá aṣòfin gbé ìwé kiri á padà wá, ìpàdé mìíràn á wà ní gbọ̀ngàn náà ní Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn oṣù yìí. Ọkọ̀ àwọn oníṣẹ́ àánú tó mú lẹ́tà yìí wá á tún padà síbí kó tó dìgbà náà. Kọ ohun tó bá wù ọ́ fi rán an. Bí o bá ní kí àwọn sójà padà wá, màá kà á sókè, bí ọmọ mi tilẹ̀ jókòó níwájú mi pẹ̀lú àpò rẹ̀, kódà bí okùn èjìká àpò náà bá jẹ́ èyí tí mo fi ọwọ́ ara mi rán. Bí o bá ní kí wọ́n má ṣe padà mọ́ láé, màá kà á. Bí o bá bú mi nínú rẹ̀, màá ka èébú náà, màá sì kà á kó yé wọn.

Bí o kò bá fẹ́ kí ẹnu mi tún gbé ọ̀rọ̀ rẹ mọ́, má kọ nǹkan kan. Màá lọ síwájú pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Màá kan tábìlì aṣòfin náà lẹ́ẹ̀mejì, màá sì padà lọ jókòó.

Bá mi kí ẹ̀gbọ́n rẹ àti ìyàwó rẹ̀. Bá mi kí àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, má fo ẹnikẹ́ni. Bí ibojì bá wà fún Bàbá Aago, bá mi kúnlẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ bá gbà ọ́ láyè. Ọmọ mi ní kí o bá òun dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀. Mo ní obìnrin kì í dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n ṣáà kọ ọ́. Ọ̀gá Dígí kí ọ, Ẹyẹ Àkókó kí ọ. Obìnrin tó sún àga rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ mi ní òun náà kí ọ, ìwọ nìkan. Gbogbo ìyá alápò ní wọ́n rí ìkíni ìgbà òjò rẹ gbà lọ́jọ́ Ẹtì, ó pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Èmi ni, tìrẹ bí o bá ṣì fẹ́ bẹ́ẹ̀,

Alábẹ́rẹ́.